Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ẹnu Ọ̀nà Kíláàsì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ sì kú ọyẹ́ tó ń la àwa àgbà létè, tó tún ń da eruku sójú àwọn ọmọ. Lẹ́tà sáà yìí ti jáde ní Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá. Owó ilé ìwé, ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ ìsinmi wà nínú wọn, mi ò ní tún wọn kà síbí. Èyí tí mo fi Yorùbá kọ yìí, ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀: ohun tó ń pàdé ọmọ yín láti ìgbà tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì láàárọ̀.

Ní sáà tó kọjá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo gba ẹ̀yìn táǹkì omi lọ wo ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ọmọkùnrin JSS 1 kan ni mo bá níbẹ̀. Ó lóṣòó, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́yà, ó fi bàtà kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Mo ní kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, “Mò ń dúró kí wọ́n ṣe tán ni, mà.” Kí wọ́n ṣe kí ni tán? Kí wọ́n na àwọn tó pẹ́ tán ni. Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ló dé géètì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fi pẹ́. Ìbẹ̀rù pàṣán ló sọ ọ́ di àádọ́ta. Ìṣirò ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Èmi ni mo ní kí tíṣà ẹnu géètì máa mú pàṣán dání, òun kọ́ ló gbé e wá láti ilé rẹ̀. Mo sọ ọ́ báyìí kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. A ti gba pàṣán náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tó múlẹ̀ níbí ní Àbújá, ti ní ká má ṣe fi ìyà tó ń pa ọmọ lára tàbí tó ń tàbùkù rẹ̀ jẹ ẹ́. Ó yẹ kí n ti rántí ìyẹn kí n tó bá ọmọ lẹ́yìn táǹkì. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á fi òwe ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún dá mi lóhùn. Mo gbọ́ òwe náà dáadáa. Kò síbi tó ti ní ọwọ́ òsì yẹn gbọ́dọ̀ mú ẹgba.

Ní báyìí, ọmọ tó bá pẹ́ á gba káàdì pupa lẹ́nu géètì. Á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, aago tó dé, àti ohun tó dá a dúró. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni yóò gbà wọlé, á fi káàdì sórí tábìlì tíṣà, á jókòó, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó wà lójú bọ́ọ̀dù. Tíṣà ò ní dá ẹ̀kọ́ dúró nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí káàdì bá pé mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀yin ni n ó pè. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kọ́ ló ń wakọ̀ bọ̀ láti Zuba.

Àwọn míì nínú yín tètè ń dé jù ní tiwọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní láti já ọmọ sílẹ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Kubwa tó há a mọ́, a ò sì bá a wí. Géètì á máa ṣí láago 6:15, tíṣà kan á wà níbẹ̀, yàrá ìkàwé á sì ṣí sílẹ̀. Kí ẹ ṣáà rí i pé ọmọ ti wọlé kí ẹ tó ṣíná sọ́kọ̀.

Láago 7:20, tíṣà kọ̀ọ̀kan á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀. Á kí ọmọ kọ̀ọ̀kan, á sì pe orúkọ rẹ̀. Ẹ lè máa rò pé nǹkan kékeré nìyẹn. Nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, tíṣà kan wà tó pè mí ní “Abeki” fún odidi ọdún kan. Àbẹ̀kẹ́ ni bàbá mi sọ mí. Mo ń dáhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe mí bíi pé ọmọ míì ni wọ́n ń pè, tí èmi kàn ń bá a jẹ́ ẹ. Ní kíláàsì wa, Hauwa jókòó ti Nkechi, Nkechi jókòó ti Terver, Terver jókòó ti Ṣadé. Kò sí tíṣà tó gbọ́ èdè wọn tán. Ìdí nìyẹn tí a fi fi ìwé pélébé kan sínú lẹ́tà yìí: ẹ kọ orúkọ tí ẹ fẹ́ ká máa pe ọmọ sí i, ẹ sì fi ohùn yín pè é ránṣẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì. Àwọn tíṣà ń gbọ́ ọ lálẹ́, wọ́n ń tún un pè. Tíṣà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wa ti ń pe “Ṣadé” báyìí bí ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn.

Lórí ìkíni, ọmọ lè kúnlẹ̀, ó lè dọ̀bálẹ̀, ó lè tẹ̀ ba díẹ̀ bí àwọn ọmọ Haúsá ṣe ń ṣe, ó sì lè dúró ṣánṣán kó ní ẹ káàárọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ni. A ò ní pe ẹnikẹ́ni ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ torí pé orúnkún rẹ̀ ò kanlẹ̀. Mo sì ti sọ fún àwọn tíṣà tí kì í ṣe Yorùbá pé bí ọmọ wa bá wolẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá a wí, ọ̀wọ̀ ló fi ń wolẹ̀, kì í ṣe pé ó ń purọ́.

Bí ọmọ bá ti wọlé, kò sí pé ó ń wo òkè wo ilẹ̀. Báàgì á lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ìwé á jáde, ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n ti kọ́ lánàá á ti wà lójú bọ́ọ̀dù. Ìṣẹ́jú méje. Kò sí máàkì nínú rẹ̀. Àsìkò yẹn ni tíṣà fi ń sàmì sórúkọ, tó sì ń wojú àwọn ọmọ: ta ni kò sùn, ta ni ojú rẹ̀ pọ́n, ta ni kò jẹun wá.

Tẹ́lẹ̀, bí ariwo bá sọ, dọ́sítà ni tíṣà fi ń gbá tábìlì. Tíṣà èdè Yorùbá wa ló kọ́kọ́ dán “Àgò o!” wò. Àwọn ọmọ á ní “Àgò yà!”, ẹnu á sì pa dé. Ní JSS 2, ọmọ Gbàgyí kan ló máa ń jẹ́ ẹ sókè jù, ó ti sọ ọ́ di tiẹ̀. Kíláàsì yòókù ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta dípò rẹ̀. Èyí tó bá wù wọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló mú ìwé ìfisùn wá jù. Igi pẹlẹbẹ méjì ló wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan tọkùnrin, ọ̀kan tobìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gáà á kọ aago sí ìwé tó wà níbẹ̀, á mú igi, á lọ, á dá a padà. Kò ní nawọ́, kò sì ní tọrọ àyè. Bàbá kan kọ̀wé pé a ti sọ àwọn ọmọ di alárìnkiri. Mo wo ìwé tí wọ́n ń kọ aago sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bàbá, ọmọ méjì ni mo rí tó ń fi ṣeré, a sì ti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan nawọ́ títí, tíṣà ní kó dúró kí agogo lù, aṣọ rẹ̀ sì bàjẹ́ lójú àwọn ọkùnrin. Ó ṣe ọjọ́ mẹ́rin kó tó padà wá. Mo fara mọ́ alárìnkiri méjì ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọbìnrin ti mọ̀ pé páàdì wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì ní ọ́fíìsì mi, wọn ò nílò kí wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí mò ń bá àwọn tíṣà jà lé lórí. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, gba ohùn sílẹ̀ nínú kíláàsì, ó sì rí i pé bí tíṣà bá ti béèrè ọ̀rọ̀, kì í dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn tíṣà láti dúró fún 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í lanu sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì wa, mo ń kà á lọ́kàn: ení, èjì. Mi ò ka ẹ̀ta dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta máa ń gùn bí ìlà epo ni fún ẹni tó dúró níwájú ọmọ méjìlélógójì. A ṣì ń kọ́ ọ.

Fèrèsé ńkọ́? Ọyẹ́ ń mú, àwọn ọmọ ń tì í, àwọn òbí náà sì ń bẹ̀ wá pé ká tì í nítorí ikọ́. Ẹ gbà á fún wa. Àríwá wà nínú ilẹ̀ tí àrùn yírùnyírùn ti máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Oṣù Kejìlá títí wọ Oṣù Kẹfà, ibi tí èèyàn bá ti há mọ́ra láìsí atẹ́gùn ló sì máa ń fẹ́ràn. Ọmọ méjì ni iṣẹ́ fèrèsé wà lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún ọmọ yín ní súẹ́tà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ọrùn rẹ̀ gan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló bọ́ sí i o. A to bẹ́ǹṣì ní agbo márùn-ún-márùn-ún ní JSS 3, bí a ṣe rí i níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjà àga abẹ́ fáànù fi bẹ́ sílẹ̀, tí ìdajì kíláàsì sì kẹ̀yìn sí bọ́ọ̀dù. A ti tò wọ́n padà sórí ìlà.

Ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí àti ti àwọn Kristẹni á bọ́ sínú sáà yìí. Ọmọ tó ń gbààwẹ̀ lè wà ní yàrá ìkàwé nígbà ìsinmi ọ̀sán, wọn ò sì ní fi eré ìdárayá ni ín lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ láti ilé bóyá ó ń gbà á lóòótọ́, torí àwọn kan máa ń gbà á ní kíláàsì ìṣirò nìkan.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn Oṣù Kejì, a fẹ́ kí ẹ wá wò wá. Ẹ ò ní jókòó sí gbọ̀ngàn gbọ́ ọ̀rọ̀. Kíláàsì ọmọ yín ni ẹ ó tò lọ láago 7:20, tíṣà á pe orúkọ tiyín náà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó sì ṣe ìbéèrè mẹ́ta tó wà lójú bọ́ọ̀dù. Òbí tó bá pẹ́, káàdì pupa wà lọ́wọ́ tíṣà géètì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá àgbà ilé ìwé