Ní Florida, Ẹ Wo Abẹ́ Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Tún Ilé Tí Omi Bà Jẹ́ Ṣe

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú. Láti Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida, Amẹ́ríkà, ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Àwọn ọmọ wa ń ra ilé ní agbègbè yìí, àwọn òbí wọn nílé sì ń bá wọn dá sí owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń wá ilé, wọ́n á béèrè iléèwé, wọ́n á béèrè ọ̀nà, wọ́n á béèrè irú ẹni tó ń gbé àdúgbò. Ó ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ ẹni tó béèrè ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ìgbà tí omi bá ba ilé jẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ máa ń yọjú, ìgbà náà gan-an ni ìkánjú kì í jẹ́ ká wò ó.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé bí omi bá ba ilé yín jẹ́ níhìn-ín, ẹ pe ẹni tó máa fà á gbẹ lọ́jọ́ náà gan-an, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó lẹ táìsì tuntun tàbí kó dí ògiri padà títí ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ Florida. Òjò tó ń rọ̀ máa ń kó afẹ́fẹ́ kábọ́nì látinú òfúrufú àti látinú erùpẹ̀, á sì kan díẹ̀. Omi kíkan yìí ló ń jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀ láti ayébáyé, tó fi dá ihò sí i. Iyanrìn àti amọ̀ tó bo ihò wọ̀nyí ló gbé ilé ró. Bí omi bá wá ń rọ́ gba ojú kan ṣáá, iyanrìn á máa ṣàn wọ inú ihò lọ, ó di ọjọ́ kan, ilẹ̀ á jìn. Sinkhole ni wọ́n ń pè é níhìn-ín, káńtì Hernando, Pasco àti Hillsborough sì wà lára ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ní oṣù Kejì 2013, ní Seffner, tí kò jìnnà sí Tampa rárá, ilẹ̀ jìn lóru lábẹ́ yàrá tí ọkùnrin kan sùn sí. Wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Kòtò kan náà tún la ẹnu ní 2015, ó tún là á ní 2023. Ní Land O' Lakes, ní 2017, kòtò kan gbé ilé méjì mì. Kì í sì í ṣe òjò nìkan ló ń fà á. Nígbà òtútù oṣù Kìíní 2010, àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin strawberry ní Plant City fa omi abẹ́ ilẹ̀ jáde láti máa fi wọ́n oko wọn kí òtútù má baà pa ohun ọ̀gbìn. Omi abẹ́ ilẹ̀ fà, ilẹ̀ sì jìn ní ibi tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wá fi èyí wo páìpù tó bẹ́ lábẹ́ kọnkéré ilé. Omi páìpù yẹn lè ṣan iyanrìn lọ títí ilẹ̀ yóò fi jìn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó ti ń jìn tẹ́lẹ̀ lè fa páìpù já. Èwo ló ṣáájú? Ẹni tí ẹ pè láti wá fa omi kò gba owó láti wádìí ìyẹn. Obìnrin ará wa kan ní Spring Hill, omi ló tú sí ilé ìdáná rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe dé, ó to fáànù ńláńlá sílẹ̀, ibẹ̀ gbẹ, ó lẹ táìsì, ó kun ọ̀dà, ó gba owó, ó lọ. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Ní ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ògiri sán: ó gba àárín búlọ́ọ̀kù kan kọjá, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gba àárín òmíràn, bí àtẹ̀gùn títí dé ilẹ̀. Èékánná ọmọ ìka mi wọ inú rẹ̀. Ẹnjiníà tó wá yẹ ilẹ̀ wò ní láti fọ́ táìsì tuntun náà kó tó rí ohun tó ń wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá yìí sanwó iṣẹ́ kan.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi omi sílẹ̀ o. Láàrin wákàtí 24 sí 48, èébu lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ohun tó tutù, ooru Florida kò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa omi, kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin wá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ méjì, tó ń wọn ọ̀rinrin. Á tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù ògiri, nọ́ńbà á jáde, á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tí omi kò dé láti fi wé e, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ gba ìwé nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì wo ibi tó ń da omi sí. Mo ti rí i tí wọ́n na ọ́ọ̀sì gba ojú fèrèsé, tí wọ́n ń da omi tí wọ́n fà jáde sí ìdí ògiri ilé kan náà! Ní orí ilẹ̀ tiwa yìí, ewu ńlá nìyẹn. Kí wọ́n gbé e jìnnà sí ìpìlẹ̀.

Òfin Florida kò fẹ́ kí ẹni tó gba láìsẹ́ǹsì láti yẹ èébu wò tún jẹ́ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ kíkó o kúrò nínú ilé yẹn láàrin oṣù 12. Òfin tó dára ni. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ ká ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà nìyẹn. Kí ẹni tó ń ta iṣẹ́ rírọ kọnkéré sábẹ́ ilẹ̀ láti fi dí ihò má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún yín pé ilẹ̀ yín ń jìn. Ẹ wá ẹnjiníà tàbí onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tó ní láìsẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ yìí, tí yóò lu ilẹ̀ wò, tí yóò kọ ohun tó rí sínú ìwé, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn láti tà fún yín.

Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ló ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù. Òfin ní kí ìnṣọ́ránsì ilé ní Florida kó ilẹ̀ tó jìn lójijì mọ́ra, ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé pọ̀: kí ilẹ̀ jìn lójijì, kí ojú lásán rí kòtò náà, kí ilé àti ìpìlẹ̀ rẹ̀ bà jẹ́, kí ìjọba sì pàṣẹ pé kí ẹ kó jáde. Ògiri tó sán nìkan kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀, yóò fi owó kún owó. Ti omíyalé náà tún dá dúró lọ́tọ̀. Nítorí náà, ibi tí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ẹni tí yóò sanwó. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ti kó bọ́ọ̀dù àti páìpù tó bẹ́ dà nù kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò wọn, kí lẹ máa fi hàn?

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí omi ṣì wà nílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn kan máa ń ní kí onílé fi ẹ̀tọ́ owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá 2022 ti fòpin sí i fún ìnṣọ́ránsì ilé tí wọ́n bá gbà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023. Ẹni tó bá tún gbé irú rẹ̀ wá, ẹ ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ọmọ bá pè láti ìhà ibí pé omi ti wọ ilé òun, ẹ bi í léèrè bóyá ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣì ń tì dáadáa. Igi tó mu omi máa ń wú, á sì padà bó bá gbẹ. Èyí tó gbẹ tán tí kò padà, ẹ má tíì fi owó táìsì ránṣẹ́, owó ẹnjiníà ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ó bá sì ní ojú sísán náà ń fẹ̀ sí i, tàbí pé ilẹ̀ ti ń rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ ní kó kó àwọn ọmọ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó pe 911.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Tampa, Florida