Roger Moore kò ba Bond jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lórí àwọn òṣèré tó ti ṣe James Bond, amí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Sean Connery nìkan ni Bond, pé ńṣe ni Roger Moore sọ iṣẹ́ amí di àpárá. Àwọn méjèèjì ti lọ. Moore kú ní Switzerland ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, lẹ́ni ọdún 89. Connery kú ní Bahamas ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 90. Moore ò sí láyé láti fèsì, ẹ jẹ́ kí n bá a fèsì.

Ọdún 1974 ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú mi lọ wo fíìmù Bond àkọ́kọ́ tí mo wò láyé mi, Live and Let Die, èyí tí Moore kọ́kọ́ ṣe ní 1973, nílé sinimá kan ní Yábàá. Ọmọ ọdún 13 ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ti wo ti Connery títí wọ́n fi mọ ọ́n rìn bíi tirẹ̀. Wọ́n á wọ kóòtù nínú ooru ọ̀sán gangan, wọ́n á ki ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò. Bí a ṣe bọ́ síta ni wọ́n pòṣé: "Èyí ò lè lu èèyàn." Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ wọn dáadáa. Ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí fi ẹ̀yìn ọ̀nì ṣe afárá, ó bọ́ lọ́wọ́ ikú, aṣọ rẹ̀ ò sì rún. (Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé Ross Kananga, ẹni tó ni oko ọ̀nì yẹn ní Jàmáíkà, ló fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn wọn dípò rẹ̀.)

N kò bá Connery jà o. Ọmọ tálákà ní Edinburgh ni, ó ti gbé mílíìkì kiri ojúlé, ó ti dán pósí fún àwọn tó ń ṣe é tà. Nígbà tí wọ́n mú un fún fíìmù àkọ́kọ́, tó jáde ní 1962, inú Ian Fleming tó kọ àwọn ìwé Bond kò kọ́kọ́ dùn sí i. Terence Young tó darí fíìmù náà ló mú un lọ bá télọ̀ tirẹ̀, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ súùtù bí ọmọ olówó. Ohun tó jáde níbẹ̀, gbogbo ayé ló rí i: ó ń rìn bí ẹkùn tó mọ̀ pé òun ló ni igbó. Fleming alára yí ohùn padà, ó fún Bond ní bàbá ọmọ Scotland nínú ìwé tó kọ lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba ipò ẹni bẹ́ẹ̀? George Lazenby gbà á ní 1969, fíìmù kan ṣoṣo ló ṣe. Moore dé ní 1973, ẹni ọdún 45. Bó bá rìn bí ẹkùn, ayé á ní ológbò ni. Ọ̀nà kan kò wọjà, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ wọlé: ẹ̀rín, ìwà pẹ̀lẹ́, irun òkè ojú tó ń gbé sókè díẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: amí tó ń sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, tí ọ̀tá ti mọ̀ ọ́n kó tó dé, báwo lèèyàn ṣe máa fi ojú líle ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ọdún 12? Làákàyè ni ẹ̀rín Moore.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò lè ṣe ohun tó wúwo, ẹ lọ tún fíìmù rẹ̀ ti 1977 wò. Obìnrin amí ará Rọ́ṣíà jókòó ti Bond, ó ń ka ìtàn ayé Bond fún un, ó wá dé orí ìyàwó Bond tí wọ́n pa. Ẹ wo ojú Moore. Ẹ̀rín kú níbẹ̀, ó sì gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Ti 1981 ńkọ́? Ibojì ìyàwó yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, òun pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Nínú fíìmù kan náà ló ti fẹsẹ̀ ti mọ́tò apànìyàn kan, tòun tẹni tó wà nínú rẹ̀, sísàlẹ̀ òkè. Moore fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ṣe ibẹ̀ yẹn, torí kò bá Bond tirẹ̀ mu. Kò fẹ́ràn ìbọn rárá láyé rẹ̀.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó náà wà. Ẹni ọdún 57 ni nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde ní 1985, ó sì hàn. Fíìmù 1973 yẹn gan-an fi ẹ̀sìn Vodou ti Haiti ṣe ohun ìdẹ́rùbani, ẹ̀sìn tí Ògún wa bá àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun débẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n, bí ijó tí Geoffrey Holder, ọmọ Trinidad, jó nínú rẹ̀ tilẹ̀ dùn ún wò.

Èyí tí òǹkàwé yín kò mẹ́nu bà ló ká mi lára jù. Láti 1991 ni Moore ti ń ṣe aṣojú UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, títí ó fi kú; òṣèrébìnrin Audrey Hepburn ló fà á wọ̀ ọ́. Òun àti ẹgbẹ́ aláàánú Kiwanis jọ wá owó káàkiri kí áyódíìnì lè wà nínú iyọ̀ tí àwọn èèyàn ń jẹ, torí àìtó rẹ̀ lára máa ń fa gẹ̀gẹ̀. Ìyá ìyá mi ní gẹ̀gẹ̀. Ìborùn kì í kúrò lọ́rùn wọn, ooru ìbáà mú. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, mo mọ ohun tí gẹ̀gẹ̀ ń ṣe fún èèyàn láwùjọ. Iṣẹ́ àánú yìí ni wọ́n torí rẹ̀ fi í joyè Sir ní 2003, kì í ṣe ti Bond.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú Moore dé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Kú àràfẹ́rakù ọkùnrin rẹ," wọ́n ní. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi ni mo pè: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àràfẹ́rakù Connery o." A wà lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú, à ń sọ ti Yábàá, ti kóòtù yẹn, ti ọ̀nì. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè lọ́jọ́ náà pé èwo nínú wọn ló mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn