Ẹ̀sùn lórí lúbúlúbú ewé tí ẹ tà fún mi: mílíìkì màlúù mi fà sẹ́yìn

Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Sí Ọ̀gá Àgbà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ra àpò mẹ́fà lúbúlúbú ewé tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ màlúù lọ́wọ́ aṣojú yín lóṣù tó kọjá. Méjì péré ni mo lò. Mẹ́rin tó kù wà ní kọ̀rọ̀ yàrá oúnjẹ ẹran, n kò sì ní jẹ́ kí màlúù mi kankan tún fẹnu kàn án.

Màlúù mẹ́sàn-án ni mo ń fún mílíìkì wọn: mẹ́fà jẹ́ màlúù funfun àwọn Fúlàní, mẹ́ta jẹ́ àdàlù Friesian, ìyẹn màlúù oníwàrà ti òyìnbó. Kí n tó ra ọjà yín, lítà 38 sí 40 ni gbogbo wọn ń mú wá lójúmọ́. Ó wà nínú ìwé mi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, ó ti di 25.

Lúbúlúbú ẹ̀kún agolo mílíìkì kan láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́, fún màlúù kọ̀ọ̀kan, ni aṣojú yín ní kí n máa bù. Mo bi í bóyá kò ní pọ̀ jù. Ó rẹ́rìn-ín: “Màmá, ewé ni, ewé kì í ṣe ẹran níbi.” Ọ̀rọ̀ yìí náà lẹ tẹ̀ gàdàgbà sára àpò. Ẹ ò kọ ewé tó wà níbẹ̀, ẹ ò sì kọ ìwọ̀n.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á gbóòórùn oúnjẹ, wọ́n á yí orí padà. Tẹ́lẹ̀, tó bá di ọ̀sán, gbogbo wọn ló máa ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, tí wọ́n á máa jẹ àpọ̀jẹ, tí wọ́n á pọ oúnjẹ padà sẹ́nu láti tún un jẹ; lọ́jọ́ náà, mo dé ibẹ̀, méjì péré ni ẹnu wọn ń mì. Mo fi igi tú ìgbẹ́ wọn wò. Kóríko inú rẹ̀ gùn gbọọrọ, bí ẹni pé àdá ni wọ́n fi gé e. Àwọn tó ń ra wàrà lọ́wọ́ mi wá ń bi mí bóyá aáyù ni mo fi ń sè é.

Dókítà ẹran tí mo pè ló là mí lóye. Màlúù fúnra rẹ̀ kò lè da kóríko. Bakitéríà àti purotosóà, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tó kún inú ṣàkì ló ń bá a fọ́ ọ, ohun tí wọ́n bá fọ́ ni màlúù ń jẹ. Òróró inú aáyù, kànáfùrù àti ẹfinrin sì ń pa bakitéríà. Àwa náà kúkú ń fi kànáfùrù sí eyín tó ń dunni. Tó bá mọ níwọ̀n, ó lè dín àwọn kòkòrò tó ń ṣe afẹ́fẹ́ mẹ́téènì tí màlúù ń gùnfẹ̀ jáde kù, kí oúnjẹ má máa ṣòfò. Tó bá pọ̀ jù, àwọn tó ń fọ́ kóríko á bá a lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló sì yẹ kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀, kí inú ṣàkì lè mọ̀ ọ́n lára.

N kò sọ pé ayédèrú ni ọjà yín. Mo mọ̀ pé láti 2006 ni àwọn ará Yúróòpù ti fòfin de fífi oògùn apabakitéríà sínú oúnjẹ ẹran kó lè tètè dàgbà, ewé sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé náà kọ́ ni àgbo? Ṣé ife kan náà la fi ń fún ìkókó àti bàbá rẹ̀ mu ni? Èmi náà jẹ̀bi díẹ̀, torí mi ò kọ́kọ́ fi màlúù kan dán an wò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pè yín. “A ó pè yín padà” ni mo ń gbọ́.

Ẹ wá kó àpò mẹ́rin yín, kí ẹ dá owó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. Ẹ kọ àwọn ewé inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, torí dókítà ń bèèrè. Kí ẹ sì tẹ ìwọ̀n sára àpò, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kejìlá rèé tí mo ti dá a dúró. Lítà 34 ni wọ́n mú wá láàná. Àdàlù pupa kan ni ara rẹ̀ kò tíì yá. Tí ẹ bá máa rán ẹnìkan wá wò ó, kó dé kí aago méje àárọ̀ tó lù, nítorí mo máa ń gbé wàrà lọ sọ́jà lẹ́yìn ìyẹn.

Èmi oníbàárà yín,
Ìyá Oníwàrà