Lẹ́tà sí Àkànní, kó tó jókòó síwájú wọn

Àkànní,

Màmá ló pè mí lálẹ́ àná, tí wọ́n ń kígbe ayọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kọ̀nsọ́tánsì yẹn ti kọ̀wé sí ọ, pé àwọn fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Wọn ò tilẹ̀ lè pe orúkọ rẹ̀, "àwọn oníkọ̀ǹpútà Èkó" ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn gan-an ni. Inú tún bí mi díẹ̀, torí ìwọ fúnra rẹ ò pè mí. Mo sì mọ ohun tí ò jẹ́ kó o pè.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ojúṣe ẹ̀gbọ́n ná.

Ẹni tó máa kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lè má mọ kóòdù rárá. Ó fẹ́ gbọ́ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, ìgbà tó o lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye tó ò ń retí, àti bóyá o ti sin ìjọba tán. Torí náà wá ìwé NYSC rẹ síta nísinsìnyí, má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń béèrè. Lórí owó, jọ̀ọ́, má sọ pé "ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fún mi." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ohunkóhun náà ni wọ́n ń fún un.

Àwọn ńláńlá bíi KPMG, PwC àti Deloitte máa ń fi ìdánwò ìṣirò tó ní gbèdéke àkókò yẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé wò. Èyí tí Màmá kà sí mi létí kò jọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá ni tiwọn. Wọ́n á ní kó o kọ ètò kékeré kan, bóyá èyí tó ń ṣírò owó ọjà. Kò le. Ọmọ LAUTECH tó fara balẹ̀ á ṣe é. Ṣùgbọ́n bí aránṣọ àgbà ṣe máa ń yí inú aṣọ síta láti wo ibi tí wọ́n ti rán an ni wọ́n ṣe máa wò ó. Wọ́n á wo orúkọ tó o sọ nǹkan, bóyá o kọ test tì í, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò, bóyá README rẹ, ìwé àlàyé tó ń bá a rìn, fi han àlejò bí á ṣe tan án, bóyá ò ń kó iṣẹ́ sínú Git, tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù, díẹ̀díẹ̀ àbí o da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Má fi ohun tí wọn ò béèrè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo mọ̀ ẹ́, wàá fẹ́ kun ún ní àwọ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan nínú wọn á jókòó tì ọ́ lórí Zoom, á ní kẹ́ ẹ jọ fi nǹkan kún un. Má dákẹ́! Ronú sókè, béèrè ohun tí kò bá yé ọ. Ẹni tó dákẹ́ lọ gbári tó wá gbé ìdáhùn pípé jáde lè pàdánù iṣẹ́ yẹn fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ṣe é dé ìdajì. Ṣé o rí i, iṣẹ́ kọ̀nsọ́tánsì tiwa kì í ṣe ká jókòó ti ọjà ara wa. Wọ́n ń rán wa sọ́dọ̀ oníbàárà ni, báǹkì lónìí, ilé ìwòsàn lọ́la, iṣẹ́ tá a bá ṣe níbẹ̀ ni wọ́n sì ń gbowó lé. Wọ́n tiẹ̀ lè ní kó o ṣàlàyé database, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, fún ọ̀gá kan tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ ṣàlàyé ẹ̀ fún Màmá ní ìsọ̀ wọn. Tí wọ́n bá ń pòṣé, tún un sọ.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ibẹ̀ gan-an ló ń kọ mí lóminú. Wọ́n fẹ́ràn ìbéèrè kan: "Sọ ìgbà kan tó o já ẹnì kan kulẹ̀ fún wa."

Kí lo máa sọ fún wọn, Àkànní?

Ọ̀sẹ̀ tí Tinubu gorí àlééfà ni, lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Iná ò sí, laptop mi ò sì lè dá dúró láìsí wáyà. Agogo méjì ọ̀sán ni ìpele tó kẹ́yìn nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ tèmi. Láàárọ̀ kùtù ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè yẹn lé ọ lọ́wọ́, mo ní kó o lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ wá ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò bá sí níbẹ̀ kó o yà sí Under G. Ilẹ̀ ṣú kó o tó wọlé. Fóònù ni mo fi bá wọn sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, wọ́n ní àwọn á tún pè. Wọn ò pè mọ́.

Èrò kún gbogbo ilé epo fọ́fọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì yẹn kún dé ọrùn. O fi ọ̀rá dí ẹnu rẹ̀ kó má baà jò, ọ̀rá náà sì ti gbẹ. Ọwọ́ rẹ ò rùn. O gbé e sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, o ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú," o wọlé lọ sùn láìjẹun. Ìyá ẹlẹ́kọ ẹ̀gbẹ́ ilé epo wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rí ọ kí oòrùn tó mú, tó o ti ń gbé epo gun ọ̀kadà. Ọ̀kadà tó ń lọ síbo? Mo ti rò pé ọmọbìnrin kan ni. Mo ti rò pé jàǹbá ló ṣẹlẹ̀ tó o fi pa mọ́. Ìgbà mìíràn mo máa ń rò pé ṣe lo ò fẹ́ kí n fi ilé sílẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, torí ṣebí o lè sọ ọ́.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ níbòmíràn, gbogbo ilé ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe, Màmá sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọpẹ́ yẹn ni wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tá a dúpẹ́ lé lórí náà rèé. Láti ìgbà tí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lọ ṣe ní báǹkì kan ti parí, orí bẹ́ǹṣì ni mo wà. Wọ́n ń san owó oṣù mi, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tó ń san kọ́bọ̀ lórí mi, ọ̀gá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn pẹ̀lẹ́ kí mi lọ́nà tó ń dẹ́rù bà mí. Lándílọ́ọ̀dù ti fowó kún ilé. Má sọ fún Màmá o. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà yẹn pé téèyàn bá wọlé tán, àwọn oníbàárà náà á tún máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bíi pé kò tíì níṣẹ́. Ẹni tó wò mí kẹ́yìn ń jẹ búrẹ́dì níwájú kámẹ́rà bó ṣe ń bi mí ní ìbéèrè. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú.

Ọjọ́bọ̀ ni òmíràn tún fẹ́ rí mi. Pè mí lórí WhatsApp lálẹ́ Ọjọ́rú. Ìwọ á ṣe oníbàárà, kó o má sì gba gbẹ̀rẹ́ fún mi. Tá a bá ṣe tèmi tán, a ó ṣe tìẹ, èmi ni màá máa bi ọ́ ní ìbéèrè. Rí i pé o ti cháàjì fóònù rẹ sílẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ pé iná ò sí.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ