Àṣàkẹ́, oògùn ò ní bá ọ dìde lórí àpótí

Sábóńgàrí, Kánò

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Bàbá Àmínà pè mí lánàá. Ó ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́, oríkèé ọwọ́ rẹ ò wú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ orí bẹ́ẹ̀dì lo máa ń wà ṣúlẹ̀, torí àwọn ará àdúgbò yín ní Kúbwà ní onílàkúrègbé kì í ṣe wàhálà. Èyí ló mú mi gbé bírò.

Ṣé o rántí ìgbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀? O ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bí oògùn ṣe pa ìrora náà ni mo jókòó gbẹdẹmukẹ, ẹ ń bá mi pọnmi, ẹ ń bá mi gbálẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wà lórí àpótí nídìí ààrò, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní kí n dìde, ìdí mi ò kúrò lórí àpótí. Kò síbi tó ń dùn mí o! Agbára ni ò sí. Mo di ògiri mú títí àbúrò rẹ fi ti ilé kéwú dé. Itan mi ti rí bí ẹsẹ̀ lékeléke, èmi ò sì mọ̀.

Làkúrègbé tiwa yìí kì í ṣe ti ogbó. Àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ara láti máa gbèjà wa ló yíjú padà, tí wọ́n ń bá oríkèé jà. Methotrexate, oògùn tí o ń lò yìí, ló ń ká wọn lọ́wọ́ kò. Ṣùgbọ́n ẹran ara tó ti jò nígbà tí o fi dùbúlẹ̀, hóró oògùn kan ò lè dá a padà.

Jókòó sórí àga, ká ọwọ́ mọ́ àyà, dìde, tún jókòó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré lákọ̀ọ́kọ́. Láàárọ̀ tí ọwọ́ bá gan, rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o máa fún aṣọ ìnura kékeré nínú rẹ̀. Ní ti ìrìn, gbogbo Àbújá ló ń sáré láàárọ̀, má bá wọn dù ú. Lẹ́yìn Àsárì tí oòrùn bá rọlẹ̀, rìn dé ojú títì, kí o padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. A máa débẹ̀, kò kánjú. Obìnrin Hausa tó kọ́ mi ní eré ìdárayá lọ́sibítù ní bí ìrora bá ju wákàtí méjì lọ lẹ́yìn tí mo ṣe tán, kí n dín in kù lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n dín in kù, kò ní kí n fi sílẹ̀. Oríkèé tó bá wú tó sì gbóná, rọra máa nà án, má gbé ẹrù lé e.

Má sì wá torí pé ara yá kí o pa oògùn tì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni methotrexate, Àṣàkẹ́, ẹ̀ẹ̀kan! Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré ni. Mú ọjọ́ kan, kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Lo folic acid, irú fítámì kan, bí dókítà ṣe ní kí o lò ó, má sì jẹ́ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fò ọ́. Bí ẹ bá tún fẹ́ ọmọ, dókítà ni kó kọ́kọ́ gbọ́, nítorí oògùn náà lè ba ọlẹ̀ jẹ́. Àgúnmu tí wọ́n ń kiri tó ń pa ìrora lójú ẹsẹ̀, má fẹnu kàn án. Wọ́n máa ń po sìtẹ́rọ́ìdì, oògùn líle tó ń pa wíwú àti ìrora, mọ́ òmíràn, ìyẹn sì ń jẹ eegun bó bá pẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo bá pè, má wulẹ̀ sọ fún mi pé "a dúpẹ́, Màámi." Iye ìgbà tí o dìde láìfọwọ́ti àga ni kí o sọ. Méjìdínlógún ni tèmi láàárọ̀ yìí. Kí Àmínà máa bá ọ kà á, ó kúkú fẹ́ràn oókà.

Màámi rẹ