Màmá, mi ò ní fi owó wòlíì yẹn ránṣẹ́

Leeds,
Ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn ti fà? Kọ́lá, ìwọ tó ń kà á fún wọn, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, má sì tún un sọ lọ́nà tìrẹ. Tó o bá dé ibi tó le, kà á bó ṣe le.

Màmá, mo gbọ́ ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ ò rí èsì, ẹ wá sọ fún Kọ́lá pé mo ti di òyìnbó. Mi ò di òyìnbó o. Ọjọ́ mẹ́jọ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo wà. Èyí tó kù, mo ń wá ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ̀rọ̀ yìí tí kò ní dà bí àfojúdi. Mi ò rí i. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: mi ò ní fi ₦450,000 tẹ́ ẹ ní kí n san fún àdúrà ìwòsàn mi yẹn ránṣẹ́ sí wòlíì.

Owó òrùlé wà. Ẹ má fòyà lórí ìyẹn. Àmọ́ mo fi ₦300,000 ránṣẹ́ lóṣù kẹjọ fún páànù, Kọ́lá sì ní títí di òní, abọ́ lẹ fi ń gbe òjò nínú yàrá yín. Níbo ni owó náà wà, Màmá? Ẹ má bínú pé mo béèrè. Mo mọ̀ pé ẹ ò fi jẹun. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wòlíì ló lọ, ẹ sọ fún mi, mi ò ní jà. Èyí tí mo fẹ́ san báyìí, ọwọ́ kápẹ́ńtà ló máa bọ́ sí tààrà. Kọ́lá, fi nọ́ńbà akáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́. Ti kápẹ́ńtà ni mo wí.

Ẹ ní wòlíì ní kí wọ́n ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ méje fún mi létí òkun. Ẹ ní ó ríran pé eegun tó ń ro mí kì í ṣe ojú lásán, pé obìnrin pupa kan nílé bàbá mi ló so ó mọ́ mi lára láti kékeré, ẹni tó máa ń bu oúnjẹ fún mi. Màmá, ta ló pupa nílé Bàbá bí kò ṣe Àǹtí Àjárá? Ta ló ń bu gàrí àti ẹ̀wà fún èmi àti Fẹ́mi nígbà tẹ́ ẹ bá wà lọ́jà Àgbálátà tí ilẹ̀ ti ṣú? Ìran wo ló wà nínú ìyẹn? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Kọ́lá ní ẹ kì í jẹ́ Àǹtí lóhùn mọ́, wọ́n kí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọjú sí ògiri. Ṣé òótọ́ ni?

Wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún wa nílé ìwòsàn lọ́dún tí Fẹ́mi kú. Mo wà níbẹ̀, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn láàárín ẹ̀yin àti Bàbá. Bàbá jẹ́ AS, ẹ̀yin náà jẹ́ AS. Tí AS méjì bá fẹ́ra, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn sickle cell, oyún kọ̀ọ̀kan ló sì ń ta ayò tirẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ bí mẹ́rin kẹ́ ẹ wá yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó bọ́ sí Fẹ́mi, ó bọ́ sí mi, ó fo Kọ́lá. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ yín, mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ Bàbá. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n wá mú àjẹ́ tó ṣe é, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa kọ́kọ́ dè lókùn. (Kọ́lá, ka ìyẹn náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín tó bá yá.) Mi ò dá yín lẹ́bi o. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ra yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin kò bá jẹ̀bi, kí ló wá fi kan Àǹtí?

Ohun tí mò ń fi pa mọ́ fún yín nìyí, mo sì rò pé òun ló jẹ́ kí wòlíì rí àyè wọlé. Orí eegun itan mi ọ̀tún ti kú. Bí dókítà ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn: ó kú. Ẹ̀jẹ̀ tiwa a máa tẹ̀ bíi dòjé, a há sínú iṣan, ibi tó bá há sí, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ibẹ̀. Ó ti há síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láti kékeré. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n fi irin sí ipò rẹ̀, mo ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa dá. Ẹ ò tíì rí ọ̀pá mi. Tá a bá fẹ́ fojú kojú lórí fóònù, mo máa ń gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n tó pè yín, màá wá jókòó kí n tó tẹ nọ́ńbà. Ọ̀pá onírin ni, rọ́bà ìdí rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ọ̀tún ló ń dùn mí. Ó ti pé oṣù mẹ́rìndínlógún.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó, ọjọ́ márùn-ún ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹrin, ó di mẹ́ta. Ìdí tí owó fi ń rù nìyẹn, kì í ṣe pé mo ní ọkùnrin kan tó ń bá mi na án bí ẹnì kan ṣe ń sọ kiri nílé. Oògùn níbí, £9.90 ni ẹyọ kan. Àwọn àìsàn kan wà tí ìjọba ní kí wọ́n má gbowó oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ní in. Tiwa ò sí nínú ìwé yẹn. Mo kúkú san ti ọdún kan pa pọ̀, £114.50, kí ọkàn mi balẹ̀. Mi ò ráhùn. Mò ń ṣírò fún yín ni.

Ó tún ku ti ìgbàgbọ́. Ẹ ní mo ti sọ Ọlọ́run nù, pé ká ní mo ní ìgbàgbọ́ ni, mi ò ní máa jiyàn pẹ̀lú ìríran. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ó gbé mi lọ́tẹ̀ yìí, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni mo lò lórí àga ilé ìwòsàn. Láti 2012 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn dókítà ibí pé tí ìrora SS bá gbé ènìyàn dé, kí oògùn dé ara rẹ̀ kó tó pé 30 ìṣẹ́jú. Ìwé wà, àga náà wà. Nọ́ọ̀sì kan wò mí lójú, ó ní mi ò jọ ẹni tí nǹkan ń dùn tó bẹ́ẹ̀. Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọlúàbí kì í ké níwájú àlejò. Mo fara dà á, mo fi ìrora náà pa mọ́, wọ́n sì ní irọ́ ni mò ń pa.

Mi ò lè gbàdúrà lórí àga yẹn. Ẹnu mi ò gba ju "Olúwa" lọ, mo ń pè é bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí wáìnì tí wọ́n po òjíá mọ́, tí wọ́n gbé fún Jésù kí wọ́n tó kàn án mọ́gi, tí kò gbà á. (Èmi máa gba tèmi o. Mo tiẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n.) Àti pé lẹ́yìn tó jíǹde, ojú ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run tó gbé òkú dìde kò pa ojú ọgbẹ́ rẹ́. Tọ́máàsì rí i. Ilé-ìwé tí orúkọ Tọ́máàsì wà lára rẹ̀ ni Bàbá lọ ní Àgbádárìgì, gbogbo ọjọ́ ayé la sì fi ń bú u nínú ìwàásù pé aláìgbàgbọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ òun ni Jésù ní kó na ọwọ́ wá. Mo sọ lọ́kàn mi pé, Olúwa, ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí. Ìrora náà ò lọ. Kò tiẹ̀ dín. Àmọ́ ẹ̀rù lọ, Màmá. Láti bí ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ pa mí kí eegun tó bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ yẹn, mo wá a tì.

Ẹ jẹ́ kí Kọ́lá ka Sáàmù 88 fún yín tó bá parí lẹ́tà yìí. Ọ̀pọ̀ Sáàmù tó bá fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ ló máa ń fi ìyìn parí. Èyí ò yí padà. Inú òkùnkùn ló dákẹ́ sí, wọ́n sì fi í sínú Bíbélì bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fi gbólóhùn kan tún un ṣe. Ìgbà tí mo kà á lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín pa mí, obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ní kí ló dé.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo jẹ́rìí? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, ẹ wọ gáùn funfun fún mi, ẹ mú mi jáde níwájú ìjọ pé Olúwa ti wò mí sàn. Wọ́n jó, wọ́n dá owó. Lọ́jọ́ kẹta ó tún dé. Ẹ ti fèrèsé pa, ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí ará ilé má baà gbọ́ igbe mi, nítorí a ti dúpẹ́ tán. Mi ò fi sùn yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà. Ṣùgbọ́n lóru yẹn, ẹ gbé òróró àgbọn kaná, ẹ fi ń ra mí lórúnkún títí àkùkọ fi kọ, ẹ ò gbàdúrà kankan, ẹ ò dá Èṣù lẹ́kun. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo wà níbí." Ohun tẹ́ ẹ ń sọ ṣáá nìyẹn. Màmá, tí wọ́n bá bi mí lónìí pé Ọlọ́run wo ni mò ń sìn, Ọlọ́run tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ yín ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ń gba ₦450,000 lọ́wọ́ mi kí ẹlòmíràn lè wá a fún mi.

Pọ́ọ̀lù náà bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n yọ ẹ̀gún ara òun. Ẹ mọ èsì tí wọ́n fún un, Bàbá fẹ́ràn rẹ̀: "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Wọn ò ní kó lọ wá àbẹ́là. Àgbádárìgì wa yìí ni wọ́n ti wàásù lábẹ́ igi lọ́dún 1842, mi ò gbọ́ pé wọ́n gbowó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ìjọ tí mò ń lọ níbí, a kì í pé ogún. Ìyá ará Jàmáíkà kan wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ bíi tèmi, ó ti kú. Tó bá gbọ́ pé ara mi ò yá, ó máa ń gbé ọbẹ̀ wá, á fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ní sọ nǹkan kan, á lọ sílé. Ọbẹ̀ náà ò ní iyọ̀ tó. Mo máa ń jẹ ẹ́ tán.

Ẹ ní kí n tiẹ̀ wálé kí wòlíì fojú kàn mí. Màmá, ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò tíì rí yín, ẹ má rò pé mi ò kà á. Ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń mú àlejò lọ wo ilé alájà àkọ́kọ́ yẹn létí ọ̀sà, tó máa ń sọ̀tàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, ó padà dé Àgbádárìgì lọ́dún 1845, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí, ó ń dúró dè é. Ọdún 1846 ló tó fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Bàbá kì í pẹ́ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ibi tí ìyá àti ọmọ ti di ara wọn mú, tí wọn ò lè sọ̀rọ̀, ló máa ń sọ, àlejò á sì máa wo aago. Ọ̀nà tèmi náà ló dí. Dókítà ní kí wọ́n ṣe itan yìí ná kí n tó jókòó wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Tí wọ́n bá ṣe é tó san, màá wá, pẹ̀lú ọ̀pá tàbí láìsí ọ̀pá.

Torí náà, ẹ dákun: ẹ lọ sí Àjárá, kẹ́ ẹ bẹ Àǹtí. Ẹ má rán Kọ́lá, ẹ fúnra yín lọ. Ẹ bá mi fún wọn ní àgbọn mẹ́fà, ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ má fi áńkáṣíìfù àdúrà ránṣẹ́ sí mi mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ ti pé mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá rẹ́ni tó ń bọ̀ ní Kérésìmesì, òróró àgbọn ni kẹ́ ẹ fi rán an, èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín fún. Ẹ dì í dáadáa, kó má da sí ẹlẹ́rù lẹ́rù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ ẹni tó ń wú ikọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú èyí tó kọjá.

Kọ́lá, tí kápẹ́ńtà bá kan páànù tán, ya fọ́tò rẹ̀. Láti inú yàrá wọn o, kì í ṣe láti ojú títì.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀.