Ẹ̀sùn lórí sítọ́ọ̀dù tó kán sínú ẹ́ńjìnì máṣíìnì mi, tí ẹ fi gọ́ọ̀mù bò mọ́lẹ̀

Mọ́níyà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Àtúnṣe,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní Sátidé, ọjọ́ 4 oṣù yìí, mo gbé máṣíìnì mi wá sọ́dọ̀ yín torí pé ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ ń pariwo. Gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, ìyẹn òrùka tí wọ́n fi ń dí àlàfo ẹnu rẹ̀, ló jó. Mo tún ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì. Mo san ₦14,500, wọ́n já rísíìtì fún mi, mo gùn ún lọ.

Ní Ọjọ́rú, mo ń bọ̀ láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní ọ̀nà Ìjàyè, ni sàlẹ́ńsà bá yẹ̀ lẹ́nu ẹ́ńjìnì. Ariwo náà lé gbogbo ewúrẹ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wọ igbó. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nọ́ọ̀tì kan ṣì wà níbẹ̀. Ìkejì ti bá sítọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn bóòtù aláìlórí tó di sàlẹ́ńsà mọ́ ẹ́ńjìnì, jáde, gọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú sì gbẹ mọ́ ọn lára bí ẹ̀bà tó gbẹ mọ́ ìka. Gọ́ọ̀mù! Lẹ́nu ibi tí iná ti ń jáde nínú ẹ́ńjìnì!

Mo fi pikọ́ọ̀pù gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣe tọ́nà, ìyẹn iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ gé irin, ní Gate. Bàbá ha gọ́ọ̀mù kúrò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò, ó ní kí n wá wò ó. Kùkùté sítọ́ọ̀dù àtijọ́ wà nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti lu ihò sí i dípò àárín, nǹkan kan sì ń dán nínú ihò yẹn bí eyín. Irin ẹlẹ́nu lílọ́ tí wọ́n fi ń yọ bóòtù tó kán ni, òun náà ló tún kán síbẹ̀. Bàbá fi dírílì kàn án, dírílì ń yọ̀ ni, torí irin yẹn le ju dírílì lọ. Ẹ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún, ẹ wá kán abẹ́rẹ́ náà sí i.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó ti bàbá yìí, mo sì ń béèrè. Ó ní irin ni sítọ́ọ̀dù, alumíníọ́mù ni ara ẹ́ńjìnì. Òjò àti ooru á ti jẹ́ kí wọ́n mú ara wọn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á da òróró tó ń tú bóòtù sí i, á fi í sílẹ̀ mọ́jú, á fi iná gáàsì yá ibẹ̀, torí alumíníọ́mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ tó bá gbóná. Á wá máa yí nọ́ọ̀tì lọ, á máa yí i bọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ yín ńkọ́? Ojú mi ló ṣe ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà 10, tó fi gbogbo ara tì í. Mo gbọ́ "kọ́". Ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì ló ta. Mo sì gbà á gbọ́.

Bàbá fi páńṣì fọ́ irin náà sí wẹ́wẹ́, ó yọ kùkùté náà. Ihò mílímítà 6 ti fẹ̀ kọjá ààlà, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ìlà lílọ́ tí bóòtù fi ń dì mọ́ ihò, ti jẹ tán. Ó tún un lù kó lè bọ́ sí àárín, ó fi tááàpù la tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, ó gé búùṣì irin tó ní tírẹ́ẹ̀dì nínú àti lóde, ó yí i wọlé. Inú búùṣì yẹn ni sítọ́ọ̀dù wà báyìí, kò sì mì.

Ibi tí mo ti ń palẹ̀ mọ́ ni bàbá ní kí n wo abẹ́ ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì ń kán. Téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà fi ń we páìpù ló wà lára bóòtù tí wọ́n fi ń dá ọ́ìlì jáde. Wọ́n ti fún un jù, tírẹ́ẹ̀dì ti bá a jáde, ó ń yí lófìfo.

Ohun tí mo ń béèrè: owó tọ́nà jẹ́ ₦22,000, pikọ́ọ̀pù ₦8,000. Ẹ sì kọ "sítọ́ọ̀dù tuntun 2, ₦3,000" sínú rísíìtì mi. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦33,000, ẹ dá a padà. Ihò ọ́ìlì yẹn, kí ẹni tó ní tááàpù rẹ̀ fi Helicoil sí i, ìyẹn wáyà stainless tí wọ́n ká bí sípíríǹgì. Mi ò fẹ́ téèpù, mi ò fẹ́ gọ́ọ̀mù, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá ṣe sínú rísíìtì.

Mo fún yín di Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 24 oṣù yìí. Bí mi ò bá gbúròó yín, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti gbèjà oníbàárà. Sítọ́ọ̀dù kúkúrú yẹn pẹ̀lú gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́dọ̀ mi. Màá mú un dání.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ni máṣíìnì pupa.